Ìdá Mélòó

Fọ́ọ̀mù ìgbéga dé láàárọ̀ Mọ́ńdè,
ojú ewé mẹ́tàdínlógún nínú fáìlì aláwọ̀ ewé.
Iná ti lọ ní Gwagwalada láti alẹ́ àná,
ooru sì ń lẹ bébà mọ́ mi lápá.
Ojú ewé kẹfà ni wọ́n ti bi mí pé:
àpilẹ̀kọ mélòó lo ti tẹ̀ jáde? Ẹni mélòó ló tọ́ka sí i?

Mo kà.
Mọ́kànlélógójì.
Ogójì nínú wọn sùn bí ọmọ tó yó,
kò sẹ́ni tó jí wọn.
Ọ̀kan ṣoṣo ló ń rìnrìn àjò,
èyí tí mo kọ nígbà tí irun mi ṣì dúdú,
nípa àwọn obìnrin Gbàgyí tó ń fi èjìká ru ẹrù.
Igba ó lé mẹ́rìnlá ènìyàn ló ti tọ́ka sí i:
wọ́n tọ́ka sí i ní Jos, wọ́n tọ́ka sí i ní Jámánì,
ẹnì kan tọ́ka sí i nínú ìwé tó kọ nípa ọrùn ríro.
Gbólóhùn kan náà sì ni gbogbo wọn ń mú,
bí ẹni yọ ẹran tó fi omi ọbẹ̀ sílẹ̀:
"Orí ni ọba ara; a kì í di ẹrù lé ọba."

Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.
Obìnrin kan ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn Bwari,
lọ́dún tí wọ́n ń wó abúlé kí wọ́n lè la títì.
Igi ìdáná wà léjìká rẹ̀ ọ̀tún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
Sálísù tó ń túmọ̀ fún mi ń jẹ ìrèké.
Mo fún un ní ọṣẹ méjì àti páálí ṣúgà kan.
Nígbà tí mo tẹ̀wé, mo pè é ní
"ìyá àgbà kan, nǹkan bí ọgọ́ta ọdún".
Talatu Shekwolo lorúkọ rẹ̀.
Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ó di ọdún kọkànlá kí n tó padà lọ,
mo mú àpilẹ̀kọ náà dání nínú ọ̀rá.
Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti funfun.
Ó fọwọ́ pa bébà náà bí ẹni ń yẹ aṣọ tí kò ní rà wò.
Mo ní, "Màmá, ayé ń gbé ọ̀rọ̀ yín kiri."
Ó ní, "Orí ni wọ́n fi ń gbé e, àbí èjìká?"
Sálísù rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ìgbà náà ni ìyá wá ní, ọ̀rọ̀ ọba yẹn,
ìyá òun ló máa ń sọ ọ́ fún àlejò
tó bá bi í léèrè ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.
Ní tòun, ọ̀nà oko ló tẹ́ẹ́rẹ́,
ẹ̀ka igi a máa gbá ẹrù orí dànù,
àti pé ẹni tó gbẹ́rù léjìká
lè yíjú wo ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo kọ èyí náà, mo fi ránṣẹ́.
Wọ́n dá a padà: kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ rí
tí mo lè tọ́ka sí.
Igba ó lé mẹ́rìnlá ènìyàn ṣì ń gbé ọba kiri,
látọ̀dọ̀ ẹnì kan sọ́dọ̀ ẹlòmíràn,
kò sẹ́ni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tú u wò.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.
Wọn ò sọ fún wa bóyá orí ni, bóyá èjìká.

Lónìí mo mú pẹ́ńsù,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi lójú ewé kẹfà
mo kọ Talatu Shekwolo.
Màdáámù Oyiza wò ó ní ọ́fíìsì,
ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀:
"Dókítà, ẹni tẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ nìyí?
Ẹ ò kọ ìdá tirẹ̀ síbẹ̀ o.
Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?
Yunifásítì wo ló sì wà?"

Èèyàn mẹ́rin tò sẹ́yìn mi,
wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù fẹ́ ara wọn.
Mo gbé àpò mi lórí tábìlì,
mo fi kọ́ èjìká òsì,
mo ní kó fún mi láyè díẹ̀.